Àkùkọ Onírin Sàláwù

Bí ẹ bá dé Ìsọlọ̀ lọ́dún 1959 tí ẹ béèrè Sàláwù, wọ́n á ní Sàláwù wo? Bí ẹ bá ní Sàláwù Alágolo, kódà ọmọ ọdún mẹ́ta á mú yín délé. Ibi tí wọ́n ti ń kan bọ́dì lọ́rì ní Òṣòdì ló ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ló sì ń sùn títí di ọjọ́ Ẹtì. Bó bá ń bọ̀ wálé, àpò rẹ̀ á wúwo: agolo mílíìkì, ìdérí ìgò, sípíríǹgì tó ti kán, gbogbo ohun tí aráyé ti dà nù. Ọkùnrin tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún á jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, á máa fi òòlù lu agolo, á máa dá rẹ́rìn-ín. Ẹyẹ ni o, ọlọ́pàá tó gun kẹ̀kẹ́ ni o. Kò tà wọ́n rí. Eré ló kàn ń ṣe.

Ilé kan náà lòun àti Àgbékẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ń gbé. Yàrá iwájú ilé náà ni wọ́n sin ìyá wọn sí, bí wọ́n ti máa ń ṣe nígbà náà, Àgbékẹ́ kì í sì í jáde láàárọ̀ láìkí i. Nígbà tí ìjọba fẹ́ gba ilẹ̀ fún àwọn ilé iṣẹ́ ńlá, ìlà àwọn awọnlẹ̀ gba inú yàrá yẹn kọjá. Àgbékẹ́ wólẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó di ọ̀gá wọn lẹ́sẹ̀ mú. Ọ̀gá ṣàánú rẹ̀. Ó yẹ ìlà sí ẹ̀yìn ilé, ó ri irin mẹ́rin mọ́lẹ̀, ó kun orí wọn lọ́dà pupa. Ó ní katapílà ò gbọ́dọ̀ kọjá irin wọ̀nyẹn títí òun yóò fi tún ìwé ṣe.

Ọjọ́rú ni wọ́n ṣe é, Òṣòdì ni Sàláwù wà. Nígbà tó dé, Àgbékẹ́ ti lọ sí Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta lọ tọ́jú ọmọ rẹ̀ tó bímọ, kò sì sẹ́ni tó rántí sọ fún un. Ó kàn rí irin pupa nínú koríko. Bó ṣe rí ọ̀dà yẹn ló ti rí ogbe orí àkùkọ. Ó fa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tu, ó gé wọn, ó tẹ̀ wọ́n. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àkùkọ ńlá kan ti dúró sórí ògiri àgbàlá, ó na ọrùn bí ẹni tó fẹ́ kọ. Kò tíì ṣe ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e ni katapílà dé. Àgbékẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ ẹrù kalẹ̀, ó sáré jáde, ó ní kí wọ́n má kọjá irin ọ̀gá.

“Ìyá, ibo ni irin tí ẹ ń wí wà?” fóòmáànù tó ń darí wọn ní.

Àgbékẹ́ yí ẹ̀yìn ilé ká lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà tó gbójú sókè ló rí àkùkọ. Kò pariwo. “Sàláwù, níbo lo ti rí irin yìí?”

Nígbà tí Àgbékẹ́ ṣàlàyé ohun tí irin náà wà fún tán, orí Sàláwù wú. Ó gun ògiri, ó fa àkùkọ ya, ó ń fi òòlù na irin, ọwọ́ rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Ó ń rì wọ́n bọlẹ̀, ṣùgbọ́n òjò ti dí ojú ihò, irin ò sì ju ìka ọwọ́ lọ mọ́.

“Fóòmáànù, ẹ ṣàánú mi. Ibí ni. Mo fi Ọlọ́run búra!”

“Irin tí ìwọ fúnra ẹ rì lójú mi? Ohun tó wà nínú ìwé lèmi ń tẹ̀ lé. Ọ̀gá yẹn sì ti lọ sí Ìbàdàn. Mo fún yín di ìrọ̀lẹ́.”

Ìmáàmù ní kí wọ́n hú òkú ìyá wọn, kí wọ́n gbé e lọ sí itẹ́ òkú. Sàláwù ò jẹ́ kí ẹlòmíì bá òun gbẹ́ ilẹ̀ yàrá iwájú náà. Ó ń gbẹ́, ó ń sunkún, ó ń wí pé ikú ì bá ti pa òun sí Òṣòdì. Nígbà tó kan ohun tó ń wá, ó ju ṣọ́bìrì nù, ó kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì.

“Má fọwọ́ kàn án,” Àgbékẹ́ ní.

“Àǹtí mi…”

“Kì í ṣe ọwọ́ ẹ yẹn. Jáde níbẹ̀.”

Ó jáde. Àgbékẹ́ wọnú kòtò, ó ń kó ìyá rẹ̀ sínú aṣọ funfun díẹ̀díẹ̀. Sàláwù dúró létí kòtò, kò mọ ibi tí yóò kó ọwọ́ rẹ̀ sí.