Ṣíbí Tí Kì Í Dé Ẹnu

Ẹ jẹ́ kí a bọlá fún fọ́tò ṣíbí. Nínú gbogbo iṣẹ́ ọnà tí ọmọ aráyé ti gbé ṣe, mi ò tíì rí èyí tó níyì tó o. Bí a ṣe ń ya á nìyí: ọmọ á jókòó ti òbí rẹ̀ tó ti darúgbó, á bu ìrẹsì kún ṣíbí, á gbé ṣíbí náà dé iwájú ẹnu òbí, á wá kọjú sí fóònù, á rẹ́rìn-ín. Òbí á la ẹnu. Ṣíbí á dúró lófuurufú bí àṣá tó na ìyẹ́ sójú kan. Ẹni tó di fóònù mú á tẹ̀ ẹ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ẹbí láti Tamale dé Ìlọrin dé ìlú òyìnbó á ti mọ̀ pé ọmọ gidi ṣì kù láyé. Ó ń pọ́n ọmọ lé, ó ń pa ẹbí lẹ́nu mọ́, kò sì náni ju ìrẹsì ẹ̀kún ṣíbí kan lọ. Ìrẹsì náà gan-an kì í ṣòfò, nítorí inú àwo ló ń padà sí.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Gumani, létí ìlú Tamale ní Gánà, ni mo ti mọ iṣẹ́ ọnà yìí délẹ̀. Àárín oko àgbàdo àti àwọn ilé tí wọ́n kọ́ dé ìdajì ni ilé náà wà. Ibẹ̀ ni màmá mi wà. Wọ́n ṣubú nígbà tí ààwẹ̀ tó kọjá kù díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀, egungun itan wọn kán, inú ilé ìwòsàn ni ààwẹ̀ bá wọn, ibẹ̀ náà ló parí sí. Nígbà tí wọ́n máa jáde, èmi ń kọ́ni ní Accra, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni àbúrò mi obìnrin ń gbé ní Nyohini nínú ìlú Tamale, lórí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn kò lè gun àtẹ̀gùn. La bá gbé wọn lọ sí Gumani.

Láàárín àwa Yorùbá Tamale, kí ènìyàn gbé ìyá rẹ̀ lọ sí irú ilé bẹ́ẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí pé ó gbé e tà. Nítorí náà, a kì í dárúkọ ilé náà bó ṣe jẹ́. “Wọ́n ń gba ìtọ́jú ẹsẹ̀” ni a máa ń sọ. Ẹsẹ̀ ọ̀hún ti san láti ìgbà tí iṣu tuntun ti jáde.

Ilé náà ní gúrúpù kan lórí fóònù, níbi tí nọ́ọ̀sì ti ń fi ìròyìn ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí lọ́sàn-án. Nígbà tí oṣù Kérésìmesì wọlé, ìròyìn di ọ̀wọ́ọ̀wọ́. Ìjọ kan wá kọrin. Ẹgbẹ́ kan wá fi ọṣẹ ta àwọn arúgbó lọ́rẹ. Páálí ọṣẹ wọn kéré, ṣùgbọ́n báńnà tí wọ́n fi ya fọ́tò gùn ju ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ. Wọ́n fi ọṣẹ sílẹ̀, wọ́n ká báńnà lọ sílé. Láàárín gbogbo èyí, fọ́tò màmá mi kì í wọ́n: ṣíbí rèé lọ́wọ́ àbúrò mi tàbí nọ́ọ̀sì, ẹnu wọn rèé. Abẹ́ rẹ̀ ni nọ́ọ̀sì máa ń kọ ọ́ sí pé Màmá jẹun tán, àwo wọn mọ́ fónífóní.

Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé bí ṣíbí ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ màmá mi ń jìn sí i. Ẹni tó ń sanra ni ìyá tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì, opó kan tó jẹ́ Yorùbá bíi tiwa, ọmọ ìjọ, tí ọkọ rẹ̀ ń ránṣọ nígbà ayé rẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tiwọn ti ń dán bí ìgbà tí wọ́n fi òróró pa á. Ọmọ wọn tó wà ní Kánádà kọ̀wé sínú gúrúpù pé Ọlọ́run á san án fún àwọn nọ́ọ̀sì.

Àbúrò mi pè mí.

“Bùọ̀dá, aṣọ Màmá ti ń yọ́ bọ́ lára wọn. Dókítà ní bí ọdún bá ti kọjá, ká gbé wọn lọ ya àwòrán inú.”

“Kí ló ń rò?”

“Kò sọ. Ó kàn mi orí. Bí Bàbá náà ṣe rù nìyí, ẹ rántí.”

Mo rántí. Bàbá wa rù báyìí, wọ́n ní kò sí nǹkan kan, a sì sin wọ́n kí òjò ọdún náà tó tán. Mo wọ bọ́ọ̀sì láti Accra. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń wo fọ́tò, mo ń fi ìka méjì fẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá mi lójú fóònù bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́.

Ọjọ́ tí ilé náà ń ṣe àpèjẹ Kérésìmesì ni mo dé. Èmi àti àbúrò mi wọ yẹ́lò-yẹ́lò, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, láti Nyohini. Ọyẹ́ bò wá títí ìpéǹpéjú wa fi funfun. Mátírọ́nì, obìnrin kan tó jẹ́ Dagomba, ọmọ onílẹ̀, tí gbogbo ilé ń bẹ̀rù, kí wa káàbọ̀. Ojú rẹ̀ sọ fún mi pé òun náà ti ń ronú ohun tí dókítà ń rò.

Abẹ́ igi dóńgóyárò ni àwọn arúgbó jókòó sí lórí bẹ́ǹṣì. Mo dọ̀bálẹ̀. Màmá mi wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

“Ọ̀mọ̀wé dé. Ẹ kú ìwé o.”

“Màmá, ẹ ti rù.”

“Ta ló rù? Ìwọ tí ikùn rẹ ń ṣáájú rẹ wọlé?”

Ìyá bẹ́ẹ̀dì kejì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i pé wọ́n ń sá fún ojú mi.

Wọ́n pín jọ́lọ́ọ̀fù àti adìẹ. Àbúrò mi bu ìrẹsì, ó gbé fóònù rẹ̀ lé mi lọ́wọ́ pé kí n ya àwọn.

“Màmá, ẹ la ẹnu. Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹ má tíì pa á dé.”

Màmá mi la ẹnu gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ti mọ iṣẹ́ náà dunjú. Mo tẹ̀ ẹ́. Àbúrò mi dá ṣíbí padà sínú àwo, ó gba fóònù rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó bóyá ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ tó dára ni mo yà. Èmi kò ní fóònù lọ́wọ́ mọ́, nítorí náà ojú lásán ni mo fi ń wò. Àwo màmá mi rọra rìn lórí bẹ́ǹṣì. Ìyá bẹ́ẹ̀dì kejì, láì yí ọrùn, gbà á bí ẹni gba ọmọ lọ́wọ́ abiyamọ. Àwo mìíràn ti wà lórí itan wọn tẹ́lẹ̀.

“Ìyá, àwo ta ni ẹ gbà yẹn?”

“Àwo wo?” Ẹsẹ̀ adìẹ wà lẹ́nu wọn.

Mo kọjú sí màmá mi. “Ẹ̀yin kò jẹun.”

“Mo ti yó.”

“Kí ni ẹ jẹ?”

“Ìdánwò wo lo ń ṣe fún mi? Ṣé kíláàsì rẹ nibí ni?”

N kò lè rẹ́rìn-ín. Mo kúnlẹ̀ níwájú wọn nínú iyanrìn. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé oúnjẹ kò gba ọ̀nà ọ̀fun yín mọ́ ni? Ṣé ibì kan ń dùn yín? Dókítà ń bẹ̀rù. Àwa náà ń bẹ̀rù.” Àbúrò mi sọ fóònù rẹ̀ sínú báàgì.

Màmá mi wo oko àgbàdo. Ìyá bẹ́ẹ̀dì kejì ni kò lè mú un mọ́ra.

“Àlhájà, ẹ sọ fún ọmọ yìí kó tó dákú. Tí ẹ kò bá sọ, èmi á sọ. Kò sí ìró mi tó ń so mọ́. Ọlọ́run kò dá ikùn méjì mọ́ mi!”

Màmá mi mí kanlẹ̀.

“Ààwẹ̀ ni mò ń san,” wọ́n ní.

Ààwẹ̀ tó bá wọn ní ilé ìwòsàn. Wọ́n kò lè gbà á nígbà náà, nítorí oògùn. Ààfáà ti sọ fún wọn pé arúgbó tó ń ṣàìsàn lè máa bọ́ tálákà dípò ààwẹ̀. Èmi pẹ̀lú ti pè wọ́n láti Accra, mo ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà lórí fóònù títí káàdì mi fi tán, inú mi sì dùn sí ìmọ̀ mi lọ́jọ́ náà.

“Ẹni tí kò ní gbádùn mọ́ ni wọ́n sọ ìyẹn fún,” màmá mi ní. “Ìwọ àti Ààfáà ti sin mí tán. Ẹsẹ̀ mi ti san. Oòrùn àsìkò ọyẹ́ kì í pẹ́ wọ̀. Kí ààwẹ̀ mìíràn tó dé, mo fẹ́ san tèmi tán.”

“Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún wa?”

“Kí o lè tún ṣàlàyé fún mi?”

Àbúrò mi lanu. “Gbogbo ìgbà tí mò ń fún yín lóúnjẹ ńkọ́?”

“O fún mi lóúnjẹ rí? Fóònù lò ń fún. Lílà ẹnu lásán kì í sì í ba ààwẹ̀ jẹ́.”

Oúnjẹ àárọ̀, oúnjẹ ọ̀sán, oúnjẹ alẹ́ tí wọ́n ń pín kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń gbé fún ẹnì kejì wọn. Búrẹ́dì àti tíì ni wọ́n fi ń ṣínu. Ìyá tó jẹ́ ọmọ ìjọ ló ń jí wọn láti ṣe sààrì, nígbà tí òun bá dìde gbàdúrà ìdájí tirẹ̀.

“Ẹ ò bá dá oúnjẹ náà padà sí ilé ìdáná,” mo ní.

“Wọn ò bá ti mọ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, mo ní bóyá Ààfáà náà lè jàre. Mò ń gba ààwẹ̀, mo sì tún ń bọ́ tálákà. Èyí tó bá wu Ọlọ́run nínú méjèèjì ni kó gbà.”

Ìyá bẹ́ẹ̀dì kejì yọ ẹsẹ̀ adìẹ lẹ́nu.

“Àlhájà. Ẹ ń bọ́ ta ni?”

Màmá mi fi ojú tọ́ka àwo méjèèjì tó wà lórí itan ìyá náà.

“Ta ni tálákà? Èmi? Èmi tí ọmọ mi wà ní Kánádà?”

“Ṣé Kánádà ló ń gbé ìrẹsì wá fún yín ni?”

“Ẹ gbà mí o! Mo rò pé mò ń ran ọ̀rẹ́ mi lọ́wọ́ ni, àṣé mo ti di sàráà!”

“Ẹ gbé ẹsẹ̀ adìẹ yẹn kalẹ̀ nígbà náà.”

Ìyá náà wo ẹsẹ̀ adìẹ, wọ́n wo màmá mi, wọ́n tún wo ẹsẹ̀ adìẹ. “Èyí tí mo ti bù jẹ, n ó jẹ ẹ́ tán,” wọ́n ní. “Àmọ́ láti ọ̀la lọ, n kò gba sàráà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́.”

Mo jókòó sílẹ̀ nínú iyanrìn, mo rẹ́rìn-ín títí omijé fi ń dà lójú mi. Ara mi fúyẹ́ bí ìgbà tí wọ́n sọ ẹrù àpò ìrẹsì kúrò lórí mi. Ìyá mi kò ṣàìsàn. Agídí ni, agídí kò sì pa ẹnikẹ́ni nínú ìdílé wọn rí.

Mátírọ́nì wá wo ohun tó fa ariwo. Èdè Haúsá ni òun àti màmá mi jọ ń sọ. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó fi ìdí lé bẹ́ǹṣì.

“Hájíà, mo ti rò pé ẹ ń lọ mọ́ wa lọ́wọ́ ni.”

“Ọdún Kérésìmesì ti gbà yín lójú.”

Òótọ́ ni. Mùsùlùmí ni Mátírọ́nì, Mùsùlùmí ni àbúrò mi, Mùsùlùmí ni èmi náà tí mo lọ sí yunifásítì. Kò sí ẹni tó rántí ààwẹ̀ láàárín jọ́lọ́ọ̀fù àti iná pípọ́n-pípọ́n. Àwo tó mọ́ ni a wò.

“Èmi gan-an ṣì jẹ gbèsè ààwẹ̀ tèmi,” Mátírọ́nì ní. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́, kí àwọn nọ́ọ̀sì má baà gbọ́.

“Ẹ wá ká jọ gbà á.”

Mátírọ́nì pe dókítà lórí fóònù. A gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ibi tí a wà. Ó ní kí wọ́n má gbà á léraléra mọ́. Bí wọ́n bá gbà á lónìí, kí wọ́n jẹun lọ́la. Kí oògùn bọ́ sí àkókò ìṣínu àti sààrì. Kí ilé ìdáná fi oúnjẹ alẹ́ wọn pa mọ́ títí oòrùn á fi wọ̀. Bí wọ́n bá fi lè padà sanra, kò sí ìdí láti ya àwòrán inú kankan. Màmá mi gbà, ṣùgbọ́n wọ́n bá a ná an díẹ̀ ná, kó má baà dà bíi pé wọ́n tètè gbà.

Nígbà tí oòrùn pupa wọ inú eruku, ìpè àdúrà dún láti mọ́ṣáláṣí Gumani. Màmá mi mu omi. Àbúrò mi gbé kókó wá, ògì jéró tó gbóná tó sì kún fún ata ilẹ̀. Ìyá bẹ́ẹ̀dì kejì jókòó tì wá, wọ́n ní àwọn kàn fẹ́ rí i lójú ara àwọn pé ó wọlé.

Mo gba ṣíbí. Màmá mi ní ọwọ́ àwọn kò rọ. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n ṣe é lẹ́ẹ̀kan péré. Mo bu kókó, mo gbé e dé iwájú ẹnu wọn, wọ́n la ẹnu. Láti ìdájí ni wọn kò ti jẹun.

“Ẹ dúró díẹ̀, Màmá,” mo ní.

Mo fi ọwọ́ òsì wá fóònù nínú àpò mi, mo nà án síwájú, mo rẹ́rìn-ín sí i, mo tẹ̀ ẹ́. Ó dára. Mo gbé e sórí sítátọ́ọ̀sì mi kí kókó tó tutù.