Èédú Tí Kò Rú Èéfín

Ọ́fíìsì tó ń bójú tó ilé àwa olùkọ́ fi búlọ́ọ̀kù dí fèrèsé kan ṣoṣo tó wà nínú yàrá wa, wọn kò lu òmíràn, ìyàwó mi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú síbẹ̀.

Kí n tó rojọ́ dé ìdí, ẹ jẹ́ kí n yọ ẹni tí kò jẹ̀bi sọ́tọ̀. Onílé tí ọ́fíìsì gba yàrá náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Basawa, ní Zaria, Alhaji kan tó ń ta awọ, kò ṣẹ̀ mí. Fèrèsé yàrá wa kọjú sí àgbàlá àwọn ìyàwó rẹ̀, níbi tí ọkùnrin àjèjì kò gbọdọ̀ yọjú sí. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bá mi sọ ọ́ ní Hausa, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Malam, mi ò sọ pé ẹ̀ ń wò wọ́n o. Ṣùgbọ́n ojú kì í ní ilẹ̀kùn. Kí wọ́n dí èyí, kí wọ́n lu òmíràn sí apá títì. Mo fọwọ́ sí i."

Ohun tó tọ́ ló sọ. Ọ́fíìsì rán bíríkìlà wá. Ó dí ti àgbàlá, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, a ò sì fojú kàn án mọ́. Mo lọ sí ọ́fíìsì yẹn títí mo fi di ẹlẹ́yà wọn. Akọ̀wé ibẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Kàbà bíi tèmi, mọ̀ dájú pé ìyàwó mi wà nínú oyún.

"Bọ̀dá Fèrèsé ti dé," ni yóò wí bó bá rí mi. "Ṣé ilẹ̀kùn yín ò ṣí ni? Afẹ́fẹ́ tó bá fẹ́ wọlé, kó gba ẹnu ọ̀nà bí àlejò."

Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan, torí fèrèsé ni mo ń wá.

Ọyẹ́ mú lọ́dún náà. Ẹni tó ti gbé Zaria rí á mọ̀ ọ́n: eruku á bo ojú oòrùn, ètè á là, omi inú garawa á máa ta ọwọ́ bí ẹ̀gún. Inú ọyẹ́ yẹn ni ìyàwó mi bí ọmọbìnrin sí. Ìyá rẹ̀ wá láti Tudun Wada nínú Zaria náà, níbi tí wọ́n ti ń tajà láti ìgbà tí ìyàwó mi ti wà ní kékeré, kí wọ́n lè bá wa wẹ ọmọ. Ọmọ Ọ̀fà ni Màmá, ṣùgbọ́n bí àwọn ará Zaria ṣe ń ṣe é ni wọ́n ṣe é nígbà tí àwọn náà ń bímọ: omi gbígbóná tí a fi ewé sè, àti ìkòkò ẹyín iná tí a gbé sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí òtútù má baà wọ egungun abiyamọ.

"Màmá," mo wí, "iná nínú yàrá tí kò ní fèrèsé?"

Wọ́n ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ èédú níta. "Ọkọ wa, níta níbí ni mo ti ń jẹ́ kó jó dáadáa. Ìgbà tí kò bá rú èéfín mọ́ ni mo tó ń gbé e wọlé. Ṣé ìwé yín ò sọ ìyẹn ni?"

Ìwé mi sọ ọ́, ìyẹn gan-an ló sì ń bà mí lẹ́rù. Mo bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi ṣèlérí pé ilẹ̀kùn á máa wà ní ṣíṣí. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ kan, atẹ́gùn gbé eruku dìde. Màmá gbé ọmọ lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti fi òróró pa á lára. Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ìyàwó mi tó ń sùn, wọ́n fi aṣọ dí abẹ́ ilẹ̀kùn náà. Ìfẹ́ ló mú wọn ṣe é.

Mo ti ilé ìwé dé, mo ṣílẹ̀kùn. Yàrá náà móoru dáadáa. Kò sí èéfín, kò sí òórùn kankan. Ẹyín iná ń pọ́n lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo pe ìyàwó mi, kò dáhùn. Mo gbé e, orí rẹ̀ yí dànù bí orí ọmọ tuntun. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n, ètè rẹ̀ pọ́n. Láti ìgbà tó ti bímọ, kò tíì rẹwà tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀. Afẹ́fẹ́ tí a bá mí sínú máa ń dé àwọn àpò kéékèèké inú ẹ̀dọ̀fóró, tí awọ wọn fẹ́lẹ́ ju èèpo inú àlùbọ́sà lọ. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn kọjá lẹ́yìn awọ náà. Ibẹ̀ ló ti ń sọ afẹ́fẹ́ tí ara ti lò tán kalẹ̀ kí á lè mí in síta, ibẹ̀ náà ló ti ń gba ọ́síjìn. Ohun pupa inú ẹ̀jẹ̀ ni alábàárù rẹ̀. Ó ń rù ú lọ sí ọpọlọ, sí ọkàn, ó ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ fún wọn, ó ń padà wá gbé òmíràn. Ṣùgbọ́n èédú tó ń jó níbi tí afẹ́fẹ́ kò tó máa ń tú gáàsì kan jáde, kabọn mọnọ́sáídì, tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Alábàárù yìí fẹ́ràn rẹ̀ ju ọ́síjìn lọ fíìfíì. Bó bá ti gbé e rù, kì í fẹ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ mọ́, ìwọ̀nba ọ́síjìn tó ṣẹ́kù lórí rẹ̀ ló sì tún ń há mọ́wọ́. Àyà á máa lọ sókè sódò, ọpọlọ á máa kú lọ. Èyí tó burú jù ni pé ẹ̀jẹ̀ tó gbé gáàsì náà máa ń pọ́n ju ti ẹni tí ara rẹ̀ dá lọ. Ikú á kun èèyàn ní àwọ̀ àlàáfíà.

Mo gbé e bọ́ síta. Alhaji gbọ́ igbe Màmá. "Subhanallahi," ló wí, ó sì lọ gbé mọ́tò Pijó rẹ̀.

Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì àgbà tó gbà wá jẹ́ Yorùbá.

"Ẹ fara balẹ̀, Bàbá Ìkókó. Ẹni tí afẹ́fẹ́ ò tó, ètè rẹ̀ á dúdú. Ẹ wo tirẹ̀, ó pọ́n bí ata. Ibà ni, pẹ̀lú àárẹ̀ ìbímọ."

"Pípọ́n yẹn ni àìsàn náà, Mà. Gáàsì èédú ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọ́síjìn ni kẹ́ ẹ fún un."

"Ṣé dókítà ni yín?"

"Báyọ́lọ́jì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé."

"Ẹ káre. Ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́ lẹ mọ̀ nìyẹn."

Àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín. Ó lọ wá abẹ́rẹ́ ibà. Sílíńdà ọ́síjìn dúró lẹ́yìn àga rẹ̀. Súwẹ́tà rẹ̀ ló fi kọ́ ọ lọ́rùn.

Mo di ọwọ́ ìyàwó mi mú. Àlàfo tó wà láàárín mímí kan àti èkejì ń gùn sí i. Mo rí i pé mo ń mí fún un, bí ẹni pé tèmi lè dé inú rẹ̀. Ìgbà tí dókítà kan ń kọjá lọ, mo dúró sí ẹnu ọ̀nà, mo kọ̀ láti yà fún un. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ èédú, ó wo ètè ìyàwó mi, ó ní kí wọ́n ṣí sílíńdà kíákíá. Wọn kò rí sípánà tí wọ́n fi ń ṣí i. Ó wà nínú sítọ́ọ̀, ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ ti lọ sílé. Alhaji ò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó gbọ́ sípánà. Ó sáré lọ síbi mọ́tò rẹ̀, ó mú tirẹ̀ wá.

Ọ́síjìn tó pọ̀ nìkan ló lè ti gáàsì yẹn kúrò lórí alábàárù, díẹ̀díẹ̀ sì ni. Mo ń wo ètè rẹ̀. Bí pípọ́n náà ṣe ń ṣá ni ọkàn mi ń padà bọ̀ sípò. Nígbà tó la ojú, Màmá gbé ọmọ sún mọ́ ọn. Ó wo ọmọ náà pẹ́.

"Ọmọ ta nìyí?" ló bi mí.

Ara rẹ̀ yá. Ó kọ́ láti fẹ́ràn ọmọ rẹ̀, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi. Ṣùgbọ́n ìrọbí rẹ̀, ohùn àkọ́kọ́ tí ọmọ náà ké, gbogbo rẹ̀ ti lọ kúrò ní iyè rẹ̀, kò sì padà títí di òní. A kó kúrò ní Basawa. Kí ọyẹ́ mìíràn tó dé, ọ́fíìsì náà ti fi olùkọ́ mìíràn àti ìyàwó rẹ̀ sínú yàrá kan náà. Mo lọ wò ó. Búlọ́ọ̀kù náà wà níbẹ̀, ògiri apá títì kò ní ihò kan.

Ta ló ní kí bíríkìlà dí ti àkọ́kọ́ láìtíì lu èkejì? Ta ló ti sípánà mọ́lé, tó fi sílíńdà sílẹ̀ fún súwẹ́tà? Ọmọ mi ti dàgbà tó láti máa bi ìyá rẹ̀ bí ọjọ́ tí wọ́n bí òun ṣe rí. Ìyá rẹ̀ á wojú mi. Èmi kọ́ ni mo jẹ ẹ́ ní èsì yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ dí fèrèsé náà, ẹ wá jókòó síwájú ọmọ yìí, kí ẹ dá a lóhùn.