Ọ̀ṣẹ́nì Onígíláàsì àti Edé Tó Ń Kan Ẹ̀ṣẹ́

Ẹni tó bá ní ẹran inú òkun ò lè gbé Kano, kó lọ bi àwọn ará Ibo Road. Ìṣojú wọn ni gbogbo ẹ̀ ṣe ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n nílùú tiwa yìí, bí èèyàn ò bá ti ní ìwé tí wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́, ohun tó bá fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe, wọ́n á ní ẹlòmíì ló ṣe é. Ohun tí wọ́n fẹ́ fi Ọ̀ṣẹ́nì Rájí ṣe nìyẹn lọ́dún 1983, ọ̀rọ̀ náà ṣì ń gbóná láyà èèyàn títí dòní.

Ọmọ Ọ̀fà ni Ọ̀ṣẹ́nì. Gíláàsì ló ń gé ní Sabon Gari ní Kano: ti fèrèsé, ti fọ́tò, ti ṣóòkéèsì táwọn tó ń tajà lọ́jà Singer ń to bísíkíìtì sí. Kíláàsì kẹta ló ti fi ilé-ìwé sílẹ̀. Jímọ́ọ̀ àbúrò ẹ̀ ló kó o sínú ọ̀rọ̀ edé. Kúùkù ni Jímọ́ọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Ìddó l'Ékòó bọ̀. Lọ́jọ́ kan ní 1977, ó gbé kẹ́ẹ̀gì omi òkun kan wọ ṣọ́ọ̀bù, ó lẹ́bùn ni. Edé kan ló wà nínú ẹ̀, ó gùn tó ìka àárín, ó dúdú bí ewé ẹ̀fọ́, ojú ẹ̀ méjèèjì yọ síta bíi tẹni tó ń yọjú wo àlejò.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án o, bùrọ̀dá," Jímọ́ọ̀ wí. "Àwọn apẹja ní ẹ̀ṣẹ́ ló ń kàn."

Ọ̀ṣẹ́nì rẹ́rìn-ín, ó dà á sínú ṣóòkéèsì kan. Kí wọ́n tó kírun Àsárì tán, edé ti ju ẹ̀ṣẹ́ kan, páà, gíláàsì là látòkè délẹ̀, omi gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Bushrat ìyàwó ẹ̀ gbé abọ́ sáré dé.

"Bàbá Ramlat, ṣé edé tá a ń lọ̀ sọ́bẹ̀ náà ló wá na ṣọ́ọ̀bù yín báyìí?"

Málàmù kan tó wá gba fọ́tò ẹ̀ ló sọ ọ́ ní Dan Dambe, bí àwọn Hausa ṣe ń pe akànṣẹ́. Orúkọ náà mọ́ ọn lára.

Ti àkọ́kọ́ yẹn kú. Ọ̀ṣẹ́nì ló pa á, kò sì fi bò fẹ́nikẹ́ni. Ọyẹ́ ń fa omi gbẹ. Bí omi bá ti lọ sílẹ̀, á bu omi òkun kún un, ó rò pé òun ń ṣe é lóore. Ìgbà tí edé kú ló tó tọ́ omi yẹn wò, ahọ́n ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Ó wá yé e: omi ló ń gbẹ, iyọ̀ kì í gbẹ. Látìgbà náà, omi òjò ló ń bù kún un. Ó mú bíírò tí yíǹkì ẹ̀ ti tán, ó ki òjé sí i nídìí, ó dí i pa, ó jẹ́ kó léfòó nínú omi tí Jímọ́ọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé láti Èkó, ó wá fi kùtẹ́ẹ̀sì Bushrat fa ìlà síbi tí omi mu ún dé. Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù, ìlà á yọ sókè. Bí kò bá tó, ìlà á rì. Nítorí iná tó ń lọ tó ń bọ̀, ó gba túùbù taya lọ́rì lọ́wọ́ fọkanáísà, ó fẹ́ ẹ kún, ó so rọ́bà tí wọ́n fi ń fa omi síni lára ní ọsibítù mọ́ ọn, atẹ́gùn ń yọ́ jáde sínú omi díẹ̀díẹ̀, omi ń hó, edé ń rí èémí mí. Ta ló kọ́ ọ? Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ.

Edé kejì ni Màmá Alice Adéríbigbé rí tó ní àfi kóun náà nírú ẹ̀ ní pálọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì òun ní Ibo Road. Ọ̀ṣẹ́nì fi gíláàsì tó nípọn kan àpótí fún un, ó ki páìpù kékeré kan sínú iyanrìn, ilé edé nìyẹn, ó gbé òmíì tí Jímọ́ọ̀ mú wá síbẹ̀, òun náà ló di Dan Dambe. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ló ń lọ tọ́jú ẹ̀. Àwọn èèyàn ń fi ìjókòó du ara wọn láti wo bí Dan Dambe ṣe ń fọ́ akàn.

"Ẹ ò mu bíà," Bushrat á ní, "edé yín ló wá ń gbé ilé ọtí."

"Edé ò tíì kírun rí," Ọ̀ṣẹ́nì á dá a lóhùn.

Nígbà tó di 1983, Màmá Alice kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì tuntun sápá òkè títì náà. Ọjọ́ Sátidé ni ìjọ ẹ̀ máa wá ṣí i. Dan Dambe gbọ́dọ̀ kó lọ síbẹ̀ kó tó dìgbà náà. Ta ni wọ́n gbéṣẹ́ fún? Japhet, ọmọ àbúrò Màmá, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìwé enjiníà dé láti òkè òkun. Wọ́n tiẹ̀ ti kọ orúkọ Japhet sára ògiri lókè ibi tí àpótí máa wà.

"Ẹ má bínú, Bàbá Ramlat," Màmá wí. "Ọmọ yẹn ló kàwé ẹ̀."

Ọ̀ṣẹ́nì ń rò ó bó ṣe ń lọ sílé. Ọdún mẹ́fà ló ti fi kọ́ ìtọ́jú edé. Bí edé yẹn bá kú lọ́wọ́ Japhet, wọn ò ní sọ pé Japhet ló pa á. Wọ́n á ní onígíláàsì ti ń tàn wọ́n jẹ látọjọ́ yìí. Ó délé, kò lè jẹun.

Ní Wẹ́sídé, Màmá ránṣẹ́ pè é. Japhet ti po omi kànga mọ́ iyọ̀ ọjà Singer sínú àpótí tuntun, ó ti fọṣẹ fọ iyanrìn tuntun títí ó fi funfun. Ó bu omi àti iyanrìn náà díẹ̀ sí garawa wá sí hòtẹ́ẹ̀lì àtijọ́ láti fi gbé edé, kò rí i. Nínú àpótí àtijọ́, iyanrìn ti dí ẹnu páìpù pa látinú.

"Ó ti kú," Japhet wí. "Ká kàn fa páìpù yọ, ká dà á nù."

"Kò kú," Ọ̀ṣẹ́nì wí. "Èèpo ló ń bọ́, bí ejò ṣe ń bọ́ awọ. Ara ẹ̀ rọ̀ báyìí bí ẹ̀kọ. Ó tilẹ̀kùn kẹ́nikẹ́ni má bàa rí ìhòòhò ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fà á jáde, òkú lẹ fà jáde."

"Ọ̀gbẹ́ni onígíláàsì, inú ìwé wo lẹ ti kà á?"

"Inú omi ni mo ti kà á, Enjiníà. Ìwọ lo fọ iyanrìn yìí? Ìdọ̀tí tó ń yọ̀ lára iyanrìn àtijọ́ yẹn, òun ló ń jẹ ẹ̀gbin edé. Ẹni tó ń bá a gbálẹ̀ lo fẹ́ fi sílẹ̀ yẹn."

Màmá Alice wo èyí, ó wo tọ̀hún. Kò mọ ìwé, kò mọ edé, ṣùgbọ́n ó ti se oúnjẹ tà fún ogún ọdún. Ó ki ìka bọ omi àtijọ́, ó fi kan ahọ́n. Ó ki í bọ ti Japhet nínú garawa, ó fi kan ahọ́n, ó tutọ́ dànù.

"Japhet, ta lo se ọbẹ̀ yìí fún? Iyọ̀ ò dé ibẹ̀ rárá."

Ọ̀ṣẹ́nì fi bíírò ẹ̀ sí i. Ìlà rì, kò yọjú.

"Bàbá Ramlat," Màmá wí, "ẹ bá mi gbé e."

Ẹ ò bá rí ìrìn ọ̀sán ọjọ́ yẹn. Wọ́n fa omi àtijọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà. Wọ́n kó iyanrìn bó ṣe wà. Ọ̀ṣẹ́nì rọra gbé páìpù sínú báàfù tí omi kún, kò yí i, kò mì í, ó fi aṣọ tútù bò ó. Wọ́n to gbogbo ẹ̀ sórí ọmọlanke, túùbù lọ́rì ń hó lẹ́gbẹ̀ẹ́ báàfù. Japhet enjiníà ló ń ti ọmọlanke náà, òógùn bò ó.

"Rọra, Enjiníà," Ọ̀ṣẹ́nì wí. "Kòtò wà níwájú. Kò sí nínú ìwé."

Japhet fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló bú jáde lẹ́nu ẹ̀.

"Baba, me ke ciki?" àwọn géńdé tó jókòó nídìí onítíì bèèrè ohun tó wà nínú báàfù.

"Dan dambe ne," Ọ̀ṣẹ́nì wí, pé akànṣẹ́ ló wà níbẹ̀.

Bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé e nìyẹn, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń kọrin ìjà ẹ̀ṣẹ́ fún edé tó ń sùn, títí wọ́n fi dé hòtẹ́ẹ̀lì tuntun. Wọ́n da omi Japhet nù, wọ́n da ti àtijọ́ sí i, wọ́n tẹ́ iyanrìn, wọ́n gbé páìpù síbẹ̀.

Tọ́sìdé, ẹnu páìpù ṣì dí. Fúráìdé, ó ṣì dí. Láàárọ̀ Sátidé, wòlíì ń gbàdúrà, ojú Màmá Alice wà lára àpótí ju ara wòlíì lọ. Ọ̀ṣẹ́nì jókòó sígun pálọ̀. Wọ́n gbé túwó àti ọbẹ̀ miyan kuka fún un, kò fọwọ́ kàn án.

Àárín "Àmín" kejì ni iyanrìn ṣí. Ojú méjì yọ síta. Lẹ́yìn náà, ó ti òfìfo èèpo ara ẹ̀ síta tán pátápátá, tọwọ́ tẹsẹ̀, òun náà sì tẹ̀ lé e jáde, ara ẹ̀ ń dán bí ìlẹ̀kẹ̀. Àwọn ìjọ rò pé ó ti di méjì. Àdúrà dàrú, gbogbo wọn ló ya lọ síbi àpótí.

"Enjiníà dà?" àlejò kan láti Kàdúná bèèrè, ó ń ka ara ògiri. "Ta ni Japhet yìí? Mo fẹ́ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́."

Japhet na ọwọ́ sí igun pálọ̀. "Wọ́n ti ṣì í kọ, sà. Bàbá yẹn ni."

"Bàbá Ramlat, ẹ dìde kí wọ́n rí yín," Màmá Alice wí.

Ọ̀ṣẹ́nì ti fa àwo túwó sọ́dọ̀. "Ẹ ní kí wọ́n máa bọ̀ níbí," ó wí. "Mò ń jẹun."