Uncle Ìsàlẹ̀ àti Agogo Wọn

Bí Uncle tó ń gbé fúláàtì ìsàlẹ̀ wa ní Peckham, ní London, bá lu agogo, èèyàn ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ títí ohùn ẹ̀ á fi tán pátápátá. Wọ́n á gbé ìka kan sókè: "Ẹ dákẹ́, kò tíì sọ tiẹ̀ tán."

Ará Philippines ni wọ́n. Orin ni wọ́n ń kọ sínú ìwé fáwọn olórin tó ń fi fayolíìnì ṣeré, wọ́n á wá fi agogo ìlú wọn sí i. Orí kápẹ́ẹ̀tì ni wọ́n máa ń to àwọn agogo náà sí.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọlé wọn, lẹ́tà council wọn tó ṣèèṣì wá sọ́dọ̀ mi ni mo mú lọ. Mo ń kánjú lọ sí shift, ni mo bá fẹsẹ̀ dá agogo kan kọjá. Uncle tí kì í pariwo figbe ta: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà síbi tẹ́ ẹ gbà!"

Mo padà, ẹ̀rín sì ń pa mí, torí ohun tí màmá mi máa ń sọ gẹ́lẹ́ nìyẹn. Mo ní nílé tiwa, ọmọdé la kì í dá kọjá, kó má baà kúrú.

Uncle, tí wọn ò ga ju èjìká mi lọ, wo ara wọn látòkè délẹ̀. "Àṣé ohun tí wọ́n ṣe fún mi nìyẹn."

Lẹ́yìn ìsìnkú Uncle, àbúrò wọn wá kó ẹrù. Òyìnbó gíga kan tó ń bá a gbẹ́rù dá agogo kọjá. Kí n tó mọ̀, mo ti kígbe ní Yorùbá: "Padà síbi tó o gbà!"

Kò gbọ́ Yorùbá, àmọ́ ó padà. Bàtà ẹ̀ kan agogo, agogo dún. Ó fẹ́ bẹ̀ mí.

Mo gbé ìka sókè.