Ọ̀pá Ìwọ̀ Kúkurú Tó Lọ sí Ọ̀wọ̀

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tí mò ń gbé nígbà náà ní Ikpoba Hill, ní Bìní. Àwa mẹ́rin la wà nínú ilé: èmi, ọmọbìnrin mi, ọkọ rẹ̀, àti àbúrò ìyàwó mi tó ti Ọ̀wọ̀ wá. Òórùn eruku àti káńfọ̀ inú àpótí aṣọ gba gbogbo ilé, bí ó ṣe máa ń rí níbi tí wọ́n bá ti ń kó ẹrù. Ṣùgbọ́n òórùn odò ṣì ń gba ojú fèrèsé ẹ̀yìn wọlé lábẹ́ gbogbo rẹ̀, nítorí òjò ti rọ̀ láàárọ̀. Ọ̀pá ìwọ̀ mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fara ti ògiri. Ọmọ mi dúró síwájú wọn, ó fọwọ́ lé ìbàdí.

"Dádì, ọ̀kan," ló wí. "Ọ̀kan péré ni yàrá yẹn lè gbà."

Mi ò bá a wí. Onílé ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ wó ilé náà kí wọ́n tún un kọ́, kí oṣù tó parí ni mo gbọ́dọ̀ jáde. Ọmọ mi ti tún yàrá kan ṣe fún mi lẹ́yìn ilé tiwọn ní Uselu. Yàrá náà dára, ó sì mọ́, àmọ́ bẹ́ẹ̀dì, àga kan àti àpótí aṣọ mi ti tó láti kún un. Ọ̀pá ìwọ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń ká sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ohun tó sọ tọ̀nà. Bóyá nítorí pé ó tọ̀nà ló ṣe ń bí mi nínú.

Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ náà mọ ibi tí mo ti kọ́ iṣẹ́ ẹja yìí. Ìgbà tí mò ń tọ́jú ilé àlejò ní oko rọ́bà ni. Òyìnbó ẹnjiníà kan wà níbẹ̀ tí kì í fi ekòló pẹja. Ìyẹ́ adìyẹ ló máa ń fi òwú wé mọ́ ìwọ̀ títí yóò fi jọ kòkòrò, yóò wá máa ju okùn síwá sẹ́yìn lókè orí, okùn náà á na tàntàn, á sì balẹ̀ sójú omi jẹ́ẹ́. Mo kọ́kọ́ rò pé orí rẹ̀ kò pé. Nígbà tó yá, ó fi ọ̀pá lé mi lọ́wọ́. Ọjọ́ tó ń padà sílùú rẹ̀, ó fi mẹ́ta sílẹ̀ fún mi: èyí tó gùn, tó fúyẹ́ bí ìgbálẹ̀, tó ní àpò onírin tirẹ̀; èyí tó nípọn díẹ̀; àti ọ̀kan tó ti ṣẹ́ lórí. Ìkẹrin, èmi ni mo fi ọparun etí odò ṣe é.

Ìgbà yẹn náà ni mo ń lọ sí ilé ìwé àwọn àgbà. O rántí bí ẹ ṣe ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo ní irùngbọ̀n, mò ń ka ábídí. Ìyàwó mi ló ń jókòó tì mí nírọ̀lẹ́. Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń di bírò mú, èmi ni mo kọ́ ọ bí a ṣe ń di ọ̀pá ìwọ̀ mú. Òun ló tètè mọ tirẹ̀.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó tẹ̀ lé mi lọ sí Odò Ikpoba, yẹ̀yẹ́ ló bá lọ. Ó jókòó sórí òkúta, ó ká ẹsẹ̀ yẹ̀rì rẹ̀ sókè, ó ní òun fẹ́ rí ẹja tí yóò máa jẹ ìyẹ́ adìyẹ nígbà tí àwa ń jẹ ẹran rẹ̀. Nígbà tó sú u, ó gbé ọ̀pá tó ṣẹ́ yẹn. Mo ti gé orí rẹ̀, mo ti fi òwú di òrùka tuntun mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó ti kúrú jù fún mi. Fún apá tirẹ̀, bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ máa ń làágùn, nítorí náà ó ya ègé ańkárá kan, aláwọ̀ ewé tó ní ẹyẹ funfun, ó fi wé ibi tí ọwọ́ ń dì mú. Láti ọjọ́ náà kò fọwọ́ kan òmíràn, èmi náà kò sì fọwọ́ kan tirẹ̀. Èmi a máa wo òkè, máa ju okùn mi kó lè lẹ́wà. Òun a máa mú epìyà sínú ike.

Ọkọ ọmọ mi ló kọ́kọ́ sún mọ́ àwọn ọ̀pá náà. Ọmọ Ẹ̀dó ni, báǹkì ló ń bá ṣiṣẹ́, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Píjìn la fi ń gbọ́ ara wa. Ó yọ èyí tó gùn nínú àpò onírin rẹ̀, ó to ó pọ̀, ó ní tó bá jẹ́ òun ni, òun kò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó wo fóònù rẹ̀, ó ní irú rẹ̀ níye lórí lókè òkun. Ó ní kí n wò ó. Mo wò ó. Ó na ọ̀pá náà síwájú, orí rẹ̀ kan gílóòbù iná, ọmọ mi pariwo pé kó má bá àwọn onílé dá ìjà sílẹ̀. Ni ọmọ mi náà bá gbé ti ọparun, ó ní èyí ńkọ́, ṣebí ẹ̀yin lẹ fọwọ́ yín ṣe é. Mo ní ó wúwo. Ó gbé èkejì ti ẹnjiníà. Mo ní kò burú. Ó ní, "Dádì, 'kò burú' kọ́ ni mo bi yín." Kí n tó lanu, ọkọ rẹ̀ ti tún ń sọ ti gígùn yẹn.

Kò sẹ́ni tó gbé kúkurú. Ọmọ mi tilẹ̀ ti fi ẹsẹ̀ sún un sí ẹ̀gbẹ́ kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ báfù tó ti la, níbi ohun tí a máa dà nù. Ìgbà tí ìyá rẹ̀ ń lọ sódò, Ìbàdàn ló ti ń kàwé. Kò mọ̀.

Kí n ṣáà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n gbé e, ọ̀rọ̀ ti parí. Kò sẹ́ni tí yóò bá mi jiyàn lórí igi tó wà lójú ààtàn. Èmi ṣáà ni ẹnjiníà fún ní ọ̀pá náà. Ṣùgbọ́n nínú yàrá kejì, àbúrò ìyàwó mi ń ya aṣọ sọ́tọ̀, èyí fún ọmọ mi, èyí fún Ọ̀wọ̀. Ọdún ti yípo tí ìyàwó mi ti kú, ìdí tó fi wá nìyẹn. O mọ bí ó ṣe rí nílé wa: ọkọ kì í jogún aya. Ohun tí obìnrin bá fi sílẹ̀, ti ọmọ rẹ̀ ni, ti ọmọ ìyá rẹ̀ ni, kì í ṣe tọkọ. Láti àárọ̀ ni mo ti ń gbé ìkòkò jáde, tí mò ń gbé àpótí jáde, mi ò sọ̀rọ̀, nítorí àṣà náà dára lójú mi. Ó ṣe é ṣe kí n mú ọ̀pá kúkurú náà tó bá jẹ́ tèmi. Kí n tó lè mú un, mo gbọ́dọ̀ gbà pé kò jẹ́ ti ìyàwó mi rí. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti há, tí wọ́n sì ń bi mí pé èwo, èwo, bí ẹni ń bi ọmọdé irú bísíkíìtì tó fẹ́.

Ibi tí a wà nìyẹn tí àbúrò ìyàwó mi fi jáde, ó so gèlè mọ́ ìdí. Ó wo ògiri.

"Bùrọ̀dá, ṣé ogun lẹ fẹ́ lọ jà ni?"

Ọmọ mi rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà fẹ́ kọjá, ó rí ańkárá níbi báfù. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò ra ẹyẹ funfun náà.

"Ẹ̀gbọ́n mi ló ni aṣọ yìí. Àwa méjèèjì la jọ rà á. Ta ló ni igi yìí?"

Mo lè sọ pé aṣọ nìkan ni tirẹ̀. Irọ́ kọ́ ni ìyẹn náà ìbá jẹ́, bí èèyàn bá wò ó dáadáa.

"Tirẹ̀ ni," mo wí. "Ó ń fi pẹja."

Mo rí i pé ó fẹ́ sunkún, kò sì fẹ́ ṣe é lójú ọmọ báǹkì. Ó ní wọn kò sọ fún àwọn nílé pé ẹ̀gbọ́n òun ti di apẹja ní Bìní. Lẹ́yìn náà ló gbé ọ̀pá náà sókè, ó wo gígùn rẹ̀, ó ní, "Ìbẹ́pẹ ẹ̀yìn ilé wa ti ga jù. Èyí á já a." Ọmọ mi ní kí Àǹtí máa mú un lọ, pé kò sáyè fún un nílé àwọn.

Ọ̀rọ̀ dé eyín mi, ó padà. Ọkùnrin tó ti fi gbogbo àárọ̀ gbé ẹrù ìyàwó rẹ̀ fún àna, ṣé òun ni yóò wá dúró máa tọrọ igi? Mo wo ẹsẹ̀ mi.

"Dádì, ó ku mẹ́ta. Èwo nínú wọn?"

"Èyí tó bá wù yín."

Ó bínú, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ó ní kì í ṣe òun ló fẹ́ máa wò ó láràárọ̀. Ọkọ rẹ̀ ti to gígùn padà sínú àpò onírin. Bí a ṣe yan èyí tí mo fẹ́ràn jù nìyẹn.

Mo ti rò ó láti ìgbà náà, ní orí àga kan ṣoṣo yìí. Ká ní mo gbé kúkurú yẹn láìsọ̀rọ̀, ì bá wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi báyìí, màá sì máa rí i bí mo bá jí. Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣe ń rí i, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa jẹ́ tèmi. Ní Ọ̀wọ̀ tó wà yẹn, tó ń já ìbẹ́pẹ, ti ìyàwó mi ni. Mi ò sọ èyí láti fi tu ara mi nínú o. Inú mi kò dùn sí i títí di òní. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nǹkan díẹ̀ ló kù nílẹ̀ tí a lè pè ní tirẹ̀, mi ò sì ní fi ẹnu ara mi dín in kù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ọjọ́ Sátidé yẹn, àbúrò ìyàwó mi wà ní balùwẹ̀. Àpò rẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀pá náà yọ orí jáde. Mo wo okùn rẹ̀, ó ti rà. Mo yọ gígùn jáde nínú àpò onírin, mo tú okùn ẹnjiníà kúrò lára rẹ̀, okùn tó dára, mo jókòó sórí àkàbà, mo sì rọra wé e sí kẹ̀kẹ́ tí ń ká okùn lára kúkurú yẹn. Mo so ìwọ̀ kan tí mo fi ìyẹ́ adìyẹ wé mọ́ ọn, mo fi ẹnu rẹ̀ há ara ańkárá kó má baà gún èèyàn. Ìgbà tí mò ń fà á wò ló jáde.

"Bùrọ̀dá, ìbẹ́pẹ kì í jẹ ìwọ̀ o."

"Mo mọ̀."

Mo gbé àpò náà tẹ̀ lé e dé títì, mo bá a dá mọ́tò dúró, mo sì to àpò náà síbi tí igi náà kò ti ní ṣẹ́. Lẹ́yìn náà mo padà sílé, mo ti gígùn bọ inú àpò onírin rẹ̀, mo jókòó de ọkọ̀ ọmọ mi. Ọ̀kan péré ni mo gbé lọ sí Uselu, bí wọ́n ṣe wí. Kò ní okùn.