Aṣọ Òjò Móradéùn

Ìkùukùu ṣì bo àdúgbò Òkè Baálẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìsọ̀ wa. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mò ń ro aró inú ìkòkò, ni mo rí obìnrin méjì tí wọ́n ń bọ̀ nínú ìkùukùu náà bí ẹni ń rìn lójú àlá. Èyí àgbà di èyí kékeré lọ́wọ́ mú. Ìborùn ni wọ́n fi bo èyí kékeré láti orí dé àgbọ̀n.

"Ṣé ìwọ ni ọmọ Iléṣà tí wọ́n ní yóò kọ́ wọn níṣẹ́?"

"Èmi ni, Màmá."

"Móradéùn, ọmọ mi, nìyí. Kò ríran. Bí ilẹ̀ bá ṣú, n óò wá mú un. Má jẹ́ kó jáde síta o."

Ìyá Ìjọ, olórí àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò náà, ló dá ìsọ̀ yìí sílẹ̀. Ó ní kò yẹ kí àwọn tó ní àbùkù ara máa jókòó sí kọ̀rọ̀ yàrá títí ayé. Kí wọ́n wá fi ọwọ́ wọn dárà. Ràájí, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti rọ láti kékeré, ń fín igbá níbẹ̀. Èmi tí mo kọ́ṣẹ́ aró lọ́dọ̀ àbúrò ìyá mi ni wọ́n ránṣẹ́ pè láti wá kọ́ wọn ní àdìrẹ oníko. A ó kó òkúta wẹ́wẹ́ sínú aṣọ funfun, a ó fi okùn ìko dì í pinpin, a ó rì í sínú aró. Ibi tí a dì kò ní mu aró. Funfun rẹ̀ ni yóò di ọnà. Ràájí a máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Ọmọ òṣómàáló! Bàbá rẹ̀ ń lóṣòó ti onígbèsè, òun náà ń lóṣòó ti ìkòkò."

Àrùn ìgbóná ló fọ́ Móradéùn lójú nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Ìtìjú mú ìyá rẹ̀, ó sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọmọ náà wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun ní Gáná. Inú yàrá ẹ̀yìn ni Móradéùn dàgbà sí, tó ń gbọ́ ohùn ayé láti ojú fèrèsé. Ibẹ̀ ni Ìyá Ìjọ ti gbọ́ tó ń kọrin, tó sì bẹ ìyá rẹ̀ títí ó fi gbà.

Ọwọ́ rẹ̀ yá ju tèmi lọ. Oṣù bàǹbà ni mo kọ́kọ́ kọ́ ọ, ọnà òṣùpá ńláńlá tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ó ṣe é dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tó mú aṣọ tirẹ̀, ó di òkúta kan síhìn-ín, ó di òmíràn sọ́hùn-ún, lẹ́yìn náà wọ́n wá ṣù mọ́ra bí ẹyin ọ̀pọ̀lọ́.

"Móradéùn, èyí kò tò."

"Mo mọ̀."

"Kí wá ni?"

"Òjò ni. Báyìí ló ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ lórí páànù wa."

Láti ọjọ́ tí mo ti ń rí òjò, n kò gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ rí.

Aṣọ kì í dúdú nínú ìkòkò. Bó bá ti jáde, àwọ̀ ewé ló máa ń ní. Afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di aró díẹ̀díẹ̀, bí ojú ọ̀run ṣe ń ṣú lọ́wọ́ alẹ́. Mo máa ń sọ bó ṣe ń yí fún Móradéùn. Á gbé aṣọ tútù náà lé ẹ̀rẹ̀kẹ́, á ní òun ń gbọ́ ọ. Nígbà mìíràn, nínú òórùn aró àti ìkùukùu yẹn, èmi náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ọ.

Ìgbà tó yá, Ìyá Ìjọ ní a ó pàtẹ iṣẹ́ wọn sí iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, kí kálukú jókòó ti ohun tó ṣe. Ọ̀rọ̀ náà dé etí ìyá Móradéùn, ó sì já wọlé bí ìjì.

"Ṣé ẹ fẹ́ fi ọmọ mi ṣe ìran wò ni? Móradéùn, dìde. Ó parí!"

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Kò wò mí. Móradéùn kò dìde. Aṣọ tó ti gbẹ wà lórí itan rẹ̀, ìko ṣì wà lára rẹ̀.

"Màmi, ẹ bá mi tú u. Ẹ sọ ohun tí ẹ bá rí fún mi, lẹ́yìn náà ká máa lọ."

Ìyá náà dúró sojú kan. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun kò sọ bí ohunkóhun ṣe rí fún ọmọ náà rí. Ó ní lójú òun, ṣe ni yóò dà bí ẹni fi ata sójú egbò. Ó jókòó sórí ẹní, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìko. Àwọn òkúta ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó tẹ́ aṣọ náà.

"Ó dúdú... bí ojú ọ̀run tó ṣú òjò. Funfun kékeré kan wà níhìn-ín. Òmíràn nìyí. Wọ́n ń pọ̀ sí i... Móradéùn, òjò ni!"

"Ṣé ó dára, Màmi?"

Ìyá rẹ̀ fi aṣọ náà bojú, ó sunkún títí aró fi yí i lẹ́rẹ̀kẹ́. Ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n lọ, kò sì sọ bóyá wọn yóò padà.

Ní ọjọ́ ìpàtẹ, igbá Ràájí kún ilẹ̀, ṣùgbọ́n àyè Móradéùn ṣófo. Oòrùn kan àtàrí. Mo ti ń ká ẹní rẹ̀ nígbà tí Ràájí fọwọ́ kàn mí. "Wo ọ̀nà."

Àárín títì ni wọ́n gbà, lójú oòrùn gangan. Ìyá náà ró aṣọ òjò mọ́ ìdí. Kò sí ìborùn lójú Móradéùn. Ìyá aláró kan ládùúgbò wọn dá wọn dúró.

"Ta lẹ mú dání yìí?"

"Móradéùn ni. Kò lọ Gáná rí. Ilé mi ló wà. Òun ló sì ṣe aṣọ tí mo ró yìí."

Obìnrin náà fọwọ́ ra aṣọ náà. Ó wo èékánná Móradéùn, tí aró ti sọ di dúdú. Kò kí i ní pẹ̀lẹ́, bí wọ́n ṣe ń kí afọ́jú. Ìkíni tí a ń kí aláró lẹ́nu iṣẹ́ ló kí i:

"Àrẹ̀dú o!"

Móradéùn kọjú síbi tí ohùn náà ti wá, ó sì jẹ́ ẹ bí aláró ṣe ń jẹ́ ẹ:

"Oòò!"