Iná Ọ́ìlì Tàn Láàárín Ìfọ́n àti Ìlọ́bù

Ọmọ Ìlọ́bù ni mí, Ìfọ́n ni mo sì ti rí ọkọ fẹ́. Bí ìjà ilẹ̀ bá ti dé, kò síbi tí ọkàn mi ń balẹ̀ sí nínú ìlú méjèèjì. Ìjà náà ti rọlẹ̀ díẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí mo ń gbé bàbá ọkọ mi lọ sí Òṣogbo, kí dókítà lè yẹ ojú wọn wò. Ọkọ mi ti lọ síbi iṣẹ́, èmi ni mo wa píkọ́ọ̀pù tí a fi ń kó ẹ̀gẹ́ láti oko.

A ti kúrò ní Ìfọ́n, a ò tíì wọ Ìlọ́bù, nígbà tí iná pupa kan tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù níwájú mi, èyí tí wọ́n ya agolo ọ́ìlì sí. Ó ṣẹ́jú, ó kú, ó tún tàn. Kò sì sẹ́ni tó ń dúró níbẹ̀ mọ́. Koríko ti hù nínú yàrá àwọn ilé tí wọ́n dáná sun nígbà ìjà.

Bàbá ní, "Kí ló dé tí o ń dín eré kù?"

"Iná ọ́ìlì ló tàn, sà."

"Iná lásán ni. Máa lọ. Má dúró níbí."

Èmi náà ò fẹ́ dúró. Ṣùgbọ́n mo ti ń gbọ́ ìró kan lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, kọ̀-kọ̀-kọ̀, bí ẹni ń fi ṣíbí kan ìkòkò. Ọkọ mi ti sọ fún mi rí pé bí ọ́ìlì ò bá yí ká inú ẹ́ńjìnnì, irin á máa lọ irin, ẹ́ńjìnnì ò sì ní pẹ́ nọ́ọ̀kì. Bó bá nọ́ọ̀kì síbẹ̀, a ò ní lè kúrò. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo pa ẹ́ńjìnnì.

Mo fa gééjì, irin tí a fi ń wọn ọ́ìlì, yọ, mo nù ún, mo tún kì í bọ ihò rẹ̀, mo sì fà á yọ wò. Ọ́ìlì pé. Mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀, kò jò. Ìyẹn gan-an ló wá já mi láyà. Ká ní ó dín ni, mo ní gálọ́ọ̀nù kan lẹ́yìn, ǹ bá dà á sí i. Àbí iná ló ń parọ́? N ò mọ̀.

Mẹkáníìkì kan ṣoṣo tí mo ní nọ́ńbà rẹ̀ nítòsí ni èyí tó ń tún mọ́tò bàbá tó bí mi ṣe ní Ìlọ́bù. Mo pè é.

"Ẹ má tan án mọ́ o, Àǹtí. Mò ń bọ̀."

Mo sọ fún Bàbá pé Ìlọ́bù ló ti ń bọ̀. Wọ́n kàn yí gíláàsì ẹ̀gbẹ́ wọn sókè, tòun ti ooru yẹn.

Kò pẹ́ tí ọkùnrin kan jáde láti inú igbó apá Ìlọ́bù, àdá lọ́wọ́. Mo kúnlẹ̀ kí i lórí òkúta.

"Níbo lẹ ti wá?"

"Ọmọ Ìlọ́bù ni mí, sà." Mo dárúkọ agbo ilé wa.

Ó wo inú ọkọ̀. "Bàbá yìí ńkọ́?"

"Bàbá mi ni."

Ó wo Bàbá títí. Bàbá ń wo iwájú. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ má pẹ́ níbí," ó sì gba ọ̀nà oko rẹ̀ lọ. Mo dìde, mo gbọn eruku kúrò lórúnkún.

Mẹkáníìkì gbé mọ́tò rẹ̀ dé, ó fi okùn fà wá wọ Ìlọ́bù. Ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó tú sẹ́ńsọ̀ tó ń tan iná náà, ó sì de aago tirẹ̀ tó ń wọn agbára ọ́ìlì sí ojú ihò rẹ̀. Ó tan ẹ́ńjìnnì. Ọwọ́ aago náà gòkè díẹ̀, ó sì rọra wálẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òdo. Ó sáré pa á.

"Iná ò parọ́. Ọ́ìlì wà, kò rí ọ̀nà gòkè ni."

Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó tú àwo ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Asẹ́ tí pọ́ǹpù fi ń fa ọ́ìlì ti dí pátápátá. Ẹrẹ̀ dúdú ló dí i, pẹ̀lú èérún gọ́ọ̀mù tí ẹni tó tú ẹ́ńjìnnì náà kẹ́yìn lẹ̀ mọ́ etí àwo náà jù.

Bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri, wọ́n kọjú sí títì. Gbogbo ọ̀kadà tó bá dúró ni wọ́n ń wò. Ìyàwó mẹkáníìkì gbé omi wá. Wọ́n gbà á, wọ́n dúpẹ́, wọn ò mu ún. Mo gba ife náà, mo mu díẹ̀, mo dá a padà fún wọn. Ìgbà náà ni wọ́n mu.

Mẹkáníìkì fọ asẹ́ náà, ó yẹ àwọn irin ìsàlẹ̀ wò, ó ní wọn ò tíì họ. Ó da ọ́ìlì tuntun sí i. Nígbà tó tan án, ọwọ́ aago gòkè, ó dúró, kò wálẹ̀ mọ́ bí ẹ́ńjìnnì ti gbóná tó. Kò sí kọ̀-kọ̀-kọ̀ mọ́.

Ọjọ́ ti lọ jù fún Òṣogbo, a kọrí sílé. Ojú mi wà lára ibi tí iná ọ́ìlì náà wà, ojú Bàbá wà nínú igbó. Nígbà tí a rí ilé àkọ́kọ́ ní Ìfọ́n, Bàbá yíjú sí mi.

"Bí àwọn ará ilé bá bi wá nípa ọkọ̀ yìí, Òṣogbo la ti tún un ṣe."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Àwọn àgbà ilé bi mí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo ní Òṣogbo ni.